Yànmùyánmú, Ọmọ Omi Tí Kì í Ṣàn

Ẹfọ̀n ni ẹran ńlá oníwo tí ọdẹ ń rí nínú igbó tí àyà rẹ̀ ń já. Ẹ̀fọn ni kòkòrò tín-ín-rín tó ń kùn létí ẹni lóru. Ohùn orí ọ̀rọ̀ nìkan ló yà wọ́n. Ìyá tó bí ìyá mi ń gbé abúlé omi kan lẹ́yìn Ìgbókòdá, nílẹ̀ Ìlàjẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la sì ti máa ń lo ìsinmi ilé-ìwé. Bí a bá jẹun alẹ́ tán, Ìyá Àgbà á bi wá pé, “Ẹfọ̀n àti ẹ̀fọn, èwo ló ń pa èèyàn jù?” Àwa ọmọdé á fi ariwo dáhùn pé ẹfọ̀n ni, a ó sì máa fi ìka ṣe ìwo sórí ara wa. Ìyá Àgbà á jẹ́ kí ariwo náà rọlẹ̀. Á wá nawọ́ sí òkùnkùn tó wà lórí omi, á ní, “Ta ni ẹfọ̀n pa rí lábúlé yìí? Ẹ gbọ́ èyí tó ń kùn yẹn? Òun ni kí ẹ bẹ̀rù.”

Abúlé náà kò ní ilẹ̀ gbígbẹ. Orí òpó igi ni wọ́n kọ́ ilé lé, pákó ni wọ́n tẹ́ ṣe ọ̀nà láti ilé dé ilé, ọkọ̀ ojú omi sì ni wọ́n fi ń lọ sọ́jà. Omi abẹ́ ilé dúdú bí omi aró. Kò níyọ̀ tó omi òkun, kò sì dùn tó omi odò, nítorí òkun ń tì í wá, odò ń tì í padà. Ẹ̀yìn ilé ni irà wà, níbi tí igi omi ti ta gbòǹgbò sókè bí ẹsẹ̀ alákàn, tí ẹrẹ̀ sì lè gbé ọmọdé mì dé itan. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ̀fọn á tú jáde nínú irà yẹn bí èéfín. Ẹni tó bá yánu sọ̀rọ̀ lákòókò náà á gbé e mì.

Ohun tó ń gbà wá lọ́wọ́ wọn ni iná púpurú. Ẹni tó bá mọ Ìlàjẹ mọ púpurú: gbágùúdá tí a rẹ, tí a fún, tí a ṣù róbótó, tí a tò sókè ààrò kí iná àti èéfín gbẹ ẹ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dúdú. Ẹ̀gbẹ́ ààrò yẹn, níbi tí ẹja pẹ̀lú ti ń gbẹ, ni Ìyá Àgbà ń tẹ́ ẹní wa sí. Ojú á máa ta wá, aṣọ wa á máa rùn èéfín títí a ó fi padà sílé, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kì í fẹ́ wọ inú èéfín yẹn. Kí a tó sùn, á ní kí a já ewé ẹfínrín, kí a fi ọwọ́ ra á, kí a fi pa ẹsẹ̀. “Ẹsẹ̀ ló máa ń wá,” bẹ́ẹ̀ ló ń wí. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo kà á pé ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri fẹ́ràn ẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀ èèyàn ju ibòmíràn lọ. Obìnrin tí kò mọ A yàtọ̀ sí B ti rí i ṣáájú ìwé.

Ìtàn tó ń pa fún wa nídìí ààrò yẹn kò wọ́n nílẹ̀ wa. Yànmùyánmú rí Etí, ó fẹ́ ẹ, ó wọṣọ lọ tọrọ rẹ̀. Etí wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rí bí òwú, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìwọ tí atẹ́gùn máa gbé lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣé o fẹ́ sọ mí di opó ni?” Ọ̀rọ̀ náà wọ Yànmùyánmú lákínyẹmí ara. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ń kọjá, á yà sọ́dọ̀ Etí láti wí fún un pé, “N kò tíì kú o! N kò tíì kú o!” Mo fẹ́ràn ìtàn yìí títí dòní, ṣùgbọ́n òótọ́ tó wà nídìí rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Akọ ẹ̀fọn kì í jẹni. Omi òdòdó ló ń mu. Abo ló ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹyin inú rẹ̀. Èémí tí à ń mí jáde ló ń fà á wá sí agbègbè orí wa. Ẹni tó ń kọrin létí wa lóru kì í ṣe àpọ́n tí wọ́n kọ̀. Abiyamọ tó ń wá oúnjẹ ọmọ ni. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kò ṣàìsí nínú orin náà, nítorí ìró ìyẹ́ abo ni akọ fi ń mọ ibi tó wà.

Irú ẹ̀fọn pọ̀. Ọ̀kan wà tó ní ilà funfun lẹ́sẹ̀, tó ń jẹni lọ́sàn-án, tó ń yé sínú ìkòkò omi àti táyà àlòkù. Òun ló ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Èyí tó ń gbé ibà tó wọ́pọ̀ ni Anopheles. Bó bá bà sára ògiri, á dorí kodò, á gbé ìdí sókè bí ẹni tó foríbalẹ̀ níwájú ọba. Nínú àwọn Anopheles ilẹ̀ wa, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Anopheles melas ni ẹ̀fọn irà etí òkun, tó ń yé sínú omi oníyọ̀ lábẹ́ igi omi, irú èyí tó wà lẹ́yìn ilé Ìyá Àgbà. Anopheles gambiae ń fẹ́ omi òjò tí oòrùn ń tàn sí: ojú ẹsẹ̀ màlúù, ipa táyà ọkọ̀, kòtò tí àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù gbẹ́ tì. Ẹyin á di tanwíjí, tanwíjí á máa jó wìnnìwìnnì nínú omi, nígbà tó bá sì fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó ti gúnyẹ̀ẹ́.

Bí ẹ bá bi àwọn àgbà abúlé wa pé kí ló ń fa ibà, wọn kì í dárúkọ ẹ̀fọn. Oòrùn ni wọ́n ń dárúkọ, àti iṣẹ́ àṣekúdórógbó, àti epo pupa àjẹjù. Wọ́n ní ibà ń bẹ lára olúkúlùkù láti ọjọ́ tí a ti bí i, oòrùn ló kàn ń jí i. Nítorí náà, ẹni tí ibà bá dá dùbúlẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹnu kan epo. Ẹ̀kọ ni yóò máa mu. Èèwọ̀ yìí le débi pé àwọn kan á gbé ìkòkò epo kúrò nínú ilé títí aláìsàn á fi dìde. Èyí sì bá ìbẹ̀rù ilẹ̀gbóná mu, nítorí ọ̀sán gangan ni àkókò tí Ọbalúayé ń rìn, ẹnikẹ́ni kì í sì í ṣe oríkunkun nínú oòrùn rẹ̀.

N kò ní fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Ítálì tó sọ àìsàn yìí ní malaria, “afẹ́fẹ́ búburú” ni wọ́n ń pè é, nítorí wọ́n gbà pé òórùn àbàtà ló ń gbé e wá. Wọ́n ń ti fèrèsé pa nítorí afẹ́fẹ́ náà, ẹ̀fọn kò sì ríbi wọlé. Àwọn baba wa tó ní ibà ń bẹ lára gbogbo èèyàn kò sì jìnnà sí òótọ́, nítorí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ilẹ̀ wa ló ń gbé kòkòrò ibà kiri nínú ẹ̀jẹ̀ láìṣàìsàn. Ọdún 1880 ni Laveran, dókítà ọmọ ogun Faransé, rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Àlùjẹ́ríà. Ọdún 1897 ni Ronald Ross rí i nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1902. Gbogbo ayé ló pẹ́ kó tó mọ ẹni tó ń gbé ibà kiri. Àwa nìkan kọ́.

Àjàyí Crowther fojú ara rẹ̀ rí agbára ibà. Ó wà nínú ọkọ̀ tó gòkè Odò Ọya lọ́dún 1841, níbi tí ibà ti pa àwọn òyìnbó bí ẹni ń gé koríko. Lọ́dún 1854 ó tún bá ọkọ̀ Pleiad lọ lójú odò kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí Dókítà Baikie mú kí àwọn èèyàn rẹ̀ máa mu kuiníìnì, kò sì sí òyìnbó kan tó kú nínú ọkọ̀ náà. Kí sì ni kuiníìnì? Èèpo igi ni. Èèpo igi cinchona tó ń hù lórí òkè ilẹ̀ Peru ni wọ́n ti yọ ọ́, ó sì korò bí awọ́pa wa.

Ọ̀rọ̀ èèpo igi ló sì mú mi dé ìdí ìkòkò àgbo Ìyá Àgbà. Igi igbó kì í hù nínú irà wọn, nítorí náà ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń ná ọjà Òkìtìpupa ló ti ń ra èèpo: awọ́pa tí inú rẹ̀ pọ́n bí ata ilẹ̀ pupa, èèpo ahùn, èèpo òrúwọ, èèpo mọ́ńgòrò. Èèpo á wà nísàlẹ̀ ìkòkò nítorí pé ó yigbì. Á wá kó ewé lé e: ewé dóńgóyárò, ewé òrúwọ, ewé gúáfà, ewé ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n fúnra rẹ̀ lórí igi, àti kooko ọba kí òórùn rẹ̀ lè dùn. Á la ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì-méjì, á bó ọ̀pẹ-òyìnbó tí kò tíì pọ́n, á da èèpo rẹ̀ sí i. Omidùn, omi orí ògì tó ti kan, ló fi ń sè é. Ìjà ńlá ni ọ̀rọ̀ omi yìí láàárín òun àti obìnrin kan tó ń gbé òdìkejì. Ẹni yẹn ní omi lásán ló dára, pé omidùn ń mú kí inú máa run aláìsàn. Ìyá Àgbà á ní omi lásán kò lè fa oje èèpo jáde. Wọ́n jà á títí ọ̀kan nínú wọn fi kú.

Bí àgbo bá hó, wọ́n á gbé ìkòkò sáàárín ẹsẹ̀ aláìsàn, wọ́n á fi aṣọ nípọn bo òun àti ìkòkò. Mo wà lábẹ́ aṣọ yẹn nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Òógùn bò mí, mo ké, wọn kò ṣí i. Lẹ́yìn èyí, ife kan ní mímu, igbá kan ní wíwẹ̀. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ibà kò lè bá ìkorò gbé inú ilé kan, pé bí ìtọ̀ bá pọ́n, ibà ló ń jáde yẹn. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ara mi fúyẹ́, mo béèrè oúnjẹ. Dóńgóyárò tí wọ́n fi wò mí yẹn, ilẹ̀ Íńdíà ni igi rẹ̀ ti wá, Hausa ló sọ ọ́ lórúkọ; ó fi hàn pé àwọn oníṣègùn wa kì í kọ ohun tó bá ṣiṣẹ́, ibi yòówù kó ti wá.

Ẹni tó bá rò pé ewé àti egbò kò já mọ́ nǹkan kan, kó gbọ́ ti Tu Youyou. Obìnrin ará Ṣáínà ni. Ìjọba ní kó wá oògùn ibà, ó sì lọ ń tú ìwé àwọn oníṣègùn àtijọ́. Ó rí i nínú ìwé Ge Hong, tó ti lé ní 1,600 ọdún, pé kí a rẹ ewé qinghao sínú omi, kí a fún un, kí a mu oje rẹ̀. Ge Hong kò sọ pé kí a sè é. Ibẹ̀ ni ojú Tu Youyou là: iná ló ń pa agbára ewé náà! Ó yọ oje rẹ̀ láìjẹ́ kó gbóná púpọ̀, ohun tó rí ni artemisinin, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015. Oògùn yẹn náà ló wà nínú ACT, tí Nàìjíríà fi rọ́pò chloroquine lọ́dún 2005. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí chloroquine, tó ń jẹ́ kí ara yún wa bí ẹni tí wérepè bá. Bí mo bá ti rántí Tu Youyou, mo máa ń rántí ìjà omidùn. Obìnrin méjì tó ń jiyàn lórí bí a ṣe ń yọ oje èèpo, ìbéèrè onímọ̀ ni wọ́n ń bi ara wọn, kò sí ẹni tó fún wọn níyàrá ìwádìí ni.

Ohun tí àgbo kò ní ni òṣùwọ̀n. Ife tiyín lè tóbi ju ife tèmi, awọ́pa ọ̀tun kò sì rí bákan náà pẹ̀lú èyí tó ti pẹ́ nílé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń jìyà àṣejù. Ibi tí mo sì ti bá ìbílẹ̀ ya pátápátá ni ti gìrì. Bí ibà bá gun ọmọ kékeré títí ara rẹ̀ fi gan, àwọn kan á da àgbo tútù sí i lẹ́nu, ìtọ̀ màlúù pẹ̀lú ewé tábà, àwọn mìíràn á ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná kó lè ké. Mo ti rí àgbàlagbà tí àpá iná ìgbà ọmọdé ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àgbo ìtọ̀ màlúù a máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ títí á fi dákú lọ. Májèlé ni. Ọmọ tó ní gìrì, ilé ìwòsàn ni kí a sáré gbé e lọ, kí a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún lára lójú ọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a sọ ní Málọmọ́, Kòsọ́kọ́ àti Dúrójayé, tí a fi abẹ kọ lára nítorí abíkú, ibà ló ń pa wọ́n, tàbí àìsàn ẹ̀jẹ̀ SS. Àwọn àìsàn méjèèjì yìí sì so kọ́ra. Ọmọ tó bá gba S kan péré, tó jẹ́ AS, ibà líle kì í tètè rí i pa. Ìdí nìyẹn tí S fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwa tí a ti ń bá ẹ̀fọn gbé láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n kí ọmọ má baà gba S méjì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò gba àwọn àfẹ́sọ́nà láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fẹ́ ara wọn.

Èèwọ̀ kan wà tí n kò lè bá jà. Wọ́n ní aboyún kò gbọdọ̀ rìn lóru, kí iwin má baà pààrọ̀ ọmọ inú rẹ̀. N kò mọ iwin, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀fọn ń wá aboyún ju ẹlòmíràn lọ, nítorí ara rẹ̀ gbóná, èémí rẹ̀ sì pọ̀, ibà sì ń ba oyún jẹ́. Ẹni tó bá pa èèwọ̀ yẹn mọ́, tó sì sùn sínú nẹ́ẹ̀tì, ti ṣe ara rẹ̀ lóore lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn tó ṣèjọba Èkó mọ̀ pé irà ni ìlú náà jókòó lé. William MacGregor, tó di gómìnà lọ́dún 1899, dókítà ni. Ó ń pín kuiníìnì, ó ń fa omi irà gbẹ, ọ̀nà omi tí wọ́n là láàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí sì jẹ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n mọ odi yẹ̀pẹ̀, wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n ṣe ilẹ̀kùn omi sínú àbàtà tó yí Èkó ká, kí omi òkun má baà rọ́nà wá kún fún Anopheles melas. Nínú ilé ńkọ́? Wolé-wolé ń bẹ níbẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn ìyá wa, nítorí bó bá ti rí tanwíjí nínú àmù, owó ìtanràn dé. Wọ́n kọrin bú u, wọ́n sá fún un. Lónìí, mo mọ̀ pé ọmọ ni wolé-wolé ń gbà là nínú àmù yẹn.

Báyìí, a ti fi yanrìn dí ọ̀pọ̀ irà Èkó, a kọ́lé sí i, a rò pé a ti ṣẹ́gun. Melas tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n lọ, àbúrò rẹ̀ dé. Ojú ipa ọkọ̀ tó gbé yanrìn wá, kòtò ilé tí a kò kọ́ parí, gọ́tà tí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dí, ibẹ̀ ni gambiae ń yé sí. Ẹ̀fọn abúlé Ìyá Àgbà, omi Ọlọ́run ló bí i. Ti àdúgbò wa, ọwọ́ ara wa la fi ń pọnmi fún un. Lọ́dún 2023, ibà pa nǹkan bí 597,000 èèyàn láyé, Nàìjíríà nìkan ló sì ni bí 31 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù nínú wọn.

Nígbà èwe mi, ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bàbá mi á tò wá sórí ìlà, á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wa ní oògùn tí gbogbo ilé ń pè ní Sọ́ńdè-Sọ́ńdè. Ibà ti mọ oògùn náà lójú, kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n Sọ́ńdè-Sọ́ńdè mìíràn wà tí ibà kò lè mọ lójú láéláé. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀yin òbí, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ to àwọn ọmọ yín sórí ìlà, ẹ jọ yí ilé ká. Ẹ da omi inú táyà àti agolo nù, ẹ kó ọ̀rá kúrò nínú gọ́tà, ẹ dí kòtò, ẹ fọ àmù kí ẹ sì dé e, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì. Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ẹ tó fún un ní ohunkóhun. Ó gbà ju ọjọ́ díẹ̀ lọ kí tanwíjí tó di ẹ̀fọn, tanwíjí kò sì lè gbé lórí ilẹ̀ gbígbẹ.